Olùkọ́ Tí A Bẹ̀ Pé Kó Bá Wa Bẹ Akẹ́kọ̀ọ́ Rẹ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú lọ́sàn-án, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti ẹnubodè orílẹ̀-èdè Họ́ńgárì. Aago náà dá mi lójú nítorí pé ó ṣì wà nínú fóònù mi. Ilé wa ní Lake Arbor ní Amẹ́ríkà ni mo wà, mo jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, mò ń wá iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà bí mo ti ń ṣe lójoojúmọ́ láti ìgbà tí mo ti jáde ní yunifásítì.

"Wọ́n ti dá mi dúró," ó wí. "Má tíì sọ fún màmá o."

"Àwọn wo ló dá yín dúró?"

"Àwọn aṣọ́bodè. Wọ́n ní káàdì mi ti kú."

"Ṣé ẹ ò ṣàlàyé fún wọn ni?"

"Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ fún mi ní tíì. Ó fún mi ní tíì, ó sì ti ilẹ̀kùn."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní ìlú kan ní Họ́ńgárì, ó sì ti wà ní ọdún kẹfà, èyí tó jẹ́ ọdún ìkẹyìn. Ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, òun àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kọjá sí orílẹ̀-èdè kejì lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀kan nínú wọn. Káàdì tó fún un láṣẹ láti máa gbé ní Họ́ńgárì ti parí, ṣùgbọ́n ó ti béèrè fún tuntun kó tó parí, wọ́n sì ti fún un ní ìwé pélébé kan tó fi hàn pé ó ti béèrè. Ó rò pé ìwé yẹn tó láti fi wọlé padà. Kò tó. Ìwé náà gbà á láyè láti dúró sínú ìlú, kò gbà á láyè láti jáde kó sì tún wọlé. Mo ti ka òfin náà fúnra mi lẹ́yìn ìgbà náà. Ohun tí wọ́n sọ fún un bá a mu. Mo ń sọ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní mọ́sáláṣí wa ló ní àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n wò. Ó ṣeé ṣe. Mi ò ní ẹ̀rí rẹ̀.

Ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá dá a padà sí Èkó, wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ wọn fún ọdún púpọ̀, gbogbo ohun tó ti kọ́ á sì dúró sí agbedeméjì. Òun nìkan ni kò sí lọ́dọ̀ wa ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ìwé ìgbélùú jáde fún bàbá àti màmá wa, èmi ṣì kéré, mo bá wọn wọlé. Òun ti kọjá ọjọ́ orí tí òfin ń kà sí ọmọdé. Ó dúró sí Ìbàdàn lọ́dọ̀ ìyá àgbà, lẹ́yìn náà ó lọ sí Họ́ńgárì. Láti ìgbà náà ni màmá ti ń sọ pé ọjọ́ tó bá di dókítà ni òun máa tó fojú kàn án. Bóyá ọ̀nà yẹn yóò là lóòótọ́ tàbí kò ní í là, a kò jíròrò rẹ̀ rí. Gbogbo ilé ti gbé ìrètí wọn lé ìdánwò yẹn.

Mo gbìyànjú láti pa á mọ́ fún màmá bó ti ní kí n ṣe. Màmá ń tọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ilé ìtọ́jú ọmọ kan ní Forestville. Ó dé ní ìrọ̀lẹ́, kò tíì bọ́ bàtà tán tó fi wò mí.

"Kí ló ṣe ẹ́? Ojú ẹ rí bíi ti ẹni tó gbé ẹ̀kọ gbígbóná mì."

Mo sọ fún un. Kò sunkún. Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí bàbá fi dé láti Suitland, níbi tó ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ìjọba kan. Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lórí ìdúró, nínú aṣọ iṣẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyí:

"Ìwọ kọ́ lo kọ ìwé lórí olóṣèlú wọn yẹn?"

"Èmi ni, bàbá."

"Ó dáa. Pè é."

"Mi ò mọ̀ ọ́n, bàbá."

"O kọ odidi ìwé lórí ẹni tí o ò mọ̀?"

"Mo mọ ohun tó ṣe. Òun ni kò mọ̀ mí."

Màmá gbé ojú sókè. "Ẹ gbọ́ ọmọ yìí o. Gbogbo ọjọ́ ló fi ń ka ìtàn òyìnbó, kò tilẹ̀ gba nọ́ńbà fóònù ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ló jẹ́ kí n mọ̀ nípa ọkùnrin náà. Nígbà tí mò ń wá ohun tí màá fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ní yunifásítì, òun ló sọ pé olóṣèlú kan wà tí àwọn aláìsàn ní wọ́ọ̀dù máa ń bá ara wọn jà lé lórí. Ó máa ń ya àwòrán ìwé ìròyìn ránṣẹ́ sí mi, a ó sì jùmọ̀ túmọ̀ rẹ̀ lórí fóònù, títí èmi náà fi gbọ́ èdè wọn díẹ̀díẹ̀. "Kí ni alága ẹ tún sọ lónìí?" ni ó máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Alága mi, bó ti ń pè é, jẹ́ ọmọ awakọ̀ ojú irin láti ìlú kékeré kan létí odò. Ó kọ́ òfin. Nígbà tí ìjọba ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ń wó lọ, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dúró ní gbàgede tí wọ́n ń béèrè ìbò. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ ọ lófin wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, òun ló sì fi orúkọ rẹ̀ sáàárín àwọn olùdíje. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè rẹ̀ nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún. Ó ṣe igbákejì mínísítà. Lẹ́yìn tí Họ́ńgárì wọ àjọ Yúróòpù, ẹgbẹ́ rẹ̀ rán an lọ sí ilé aṣòfin Yúróòpù, ibẹ̀ ni òun àti wọn sì ti pínyà. Ó nawọ́ sókè fún ìpinnu kan tó bẹnu àtẹ́ lu ìjọba ilé rẹ̀. Wọ́n lé e kúrò nínú ẹgbẹ́. Gbogbo ènìyàn ní ó ti tán fún un. Ó bá ẹgbẹ́ kékeré kan díje, ó sì padà sórí àga rẹ̀.

Àwọn kan sọ pé ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ló tẹ̀ lé. Àwọn mìíràn ní ńṣe ló máa ń rí ibi tí ọjà fẹ́ yí sí kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó rí i. Mo gbé ẹ̀rí apá méjèèjì yẹ̀ wò, mo sì parí iṣẹ́ mi sí pé kò sí èyí tó tó láti fi dá ẹjọ́. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ní ìyẹn kì í ṣe ìparí ọ̀rọ̀. Mi ò rí nǹkan mìíràn tí mo lè sọ láìpurọ́.

Ohun kan ni mo rí tó wúlò fún wa. Mo ti ka ọ̀rọ̀ tó sọ nínú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn aráàlú, níbi tó ti gbèjà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè. Nítorí náà mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí òfin sọ, àti ohun tí a ń béèrè: kì í ṣe pé kí wọ́n dárí jì í, bí kò ṣe kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà dúró títí yunifásítì rẹ̀ yóò fi sọ tirẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́rú, obìnrin kan pè mí. Ohùn rẹ̀ kò dàgbà. Ó ní òun ń bá olóṣèlú náà ṣiṣẹ́, òun sì ti ka ohun tí mo kọ. Ó béèrè ohun tó yẹ kéèyàn béèrè: nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù, ilé àtìmọ́lé tí wọ́n fi í sí, orúkọ lọ́yà rẹ̀. Ó ní òun máa gbé e síwájú ọ̀gá òun ní ọ̀la, ọ̀gá òun sì lè bá ilé iṣẹ́ ìjọba sọ̀rọ̀.

"A máa ṣe é láìpariwo," ó wí. "Àwọn ọ̀rọ̀ báyìí, ìdákẹ́jẹ́ ló máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, mo bá lọ́yà sọ̀rọ̀, obìnrin kan ní ìlú ẹnubodè tí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wa wá. Ó ní bí ẹni tó lórúkọ bá béèrè, wọ́n á dúró díẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá béèrè, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé e padà sí Èkó lọ́jọ́ Ẹtì. Mo tún gbogbo rẹ̀ sọ nílé bí wọ́n ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́, mo sì fi kún un pé "lè" ni obìnrin ọ́fíìsì náà sọ, kò sọ pé "yóò".

"Ìwọ náà," ni bàbá dá mi lóhùn, "o ò lè fún èèyàn ní omi láìkọ́kọ́ sọ fún un pé ó lè tutù jù."

Lẹ́yìn ìrun mùgáríbì, Alhaji wá kí wa. Olùkọ́ ni lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà kó tó fẹ̀yìn tì, òun sì ni àgbà tí gbogbo mọ́sáláṣí wa máa ń pè bí ọkọ àti aya bá ń jà tàbí bí ọmọ bá sá kúrò nílé. Mi ò tíì rí ibi tó ti dá sí ìjà tí kò parí rẹ̀. Ó jókòó, ó mu omi, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì kọjú sí mi.

"Ọ̀gbẹ́ni ọ̀mọ̀wé. Obìnrin tó pè ẹ́ yẹn, kí ni òun jẹ́ sí ọkùnrin náà?"

"Òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni, Alhaji."

"Ọmọọṣẹ́. Ṣé ọmọọṣẹ́ la máa ń rán sí ọ̀gá rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá le? Bóyá ó máa dúró láti jẹun kó tó jẹ́ iṣẹ́. Ta ni ọkùnrin yìí kò lè kọ̀ fún? Ta ló fi í sórí àga?"

Mo ní ọ̀jọ̀gbọ́n olùkọ́ rẹ̀ ni. Mo sọ bó ṣe fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, bó ṣe dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí níbi ìgbéyàwó rẹ̀. Mo sì sọ ìyókù pẹ̀lú: pé ọ̀jọ̀gbọ́n náà kò kúrò nínú ẹgbẹ́ àtijọ́, pé lẹ́yìn ìbò tó pín wọn níyà, ó lọ sórí rédíò, ó ní òun kò ní akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Alhaji rẹ́rìn-ín. "Bàbá tí inú ń bí ní òun ò bímọ. Ta ló gbà á gbọ́ rí?"

"Alhaji, ìjà òṣèlú ni."

"Ìjà wo ni kì í ṣe òṣèlú? Ahọ́n àti eyín ń jà, inú ẹnu kan náà ni wọ́n ń sùn sí. Ìwọ wá wò ó dáadáa. Akẹ́kọ̀ọ́ náà, ṣé ó bú olùkọ́ rẹ̀ padà?"

Mo rò ó. N kò lè sọ pé ó bú u. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí mo kà, kódà lẹ́yìn ìjà náà, bó bá ti kan bó ṣe bẹ̀rẹ̀ òṣèlú, ó máa ń dárúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Kò bú u," mo wí.

"Ẹ ò rí i?" ni Alhaji sọ fún bàbá. "Ó ń wá ẹni tó máa bá òun parí rẹ̀ ni. Obìnrin yẹn náà sì ti sọ pé ìdákẹ́jẹ́ ni kí a fi ṣe é. Kí ló dákẹ́ tó ọ̀rọ̀ láàárín bàbá àtọmọ?"

Mo sọ pé kí a dúró de obìnrin ọ́fíìsì náà di ọ̀la. Màmá béèrè pé bí a bá dúró tí kò ṣe é ńkọ́, tí ọjọ́ Ẹtì sì dé? Ohun tí Alhaji sọ kò ta ko ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọkùnrin náà lè túmọ̀ sí bó ti túmọ̀ rẹ̀ yẹn, bí ó bá jẹ́ pé ará Ìbàdàn ni ọkùnrin náà. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí kò wá sí mi lọ́kàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Kò ṣòro láti rí ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń dáhùn ìwé rẹ̀, ó sì ti dáhùn ìbéèrè mi lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mò ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, bàbá kò lọ sí ibi iṣẹ́, màmá náà tọrọ àyè. Mo gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì kékeré ní pálọ̀. Alhaji jókòó sáàárín, ó dé fìlà funfun. Ojú ọ̀jọ̀gbọ́n náà yọ: àgbàlagbà gidi, awò rẹ̀ nípọn, ìwé kún ẹ̀yìn rẹ̀ dé òkè àjà. Ó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀.

Alhaji kí i pẹ́. Ó kí i kú àárẹ̀ ọjọ́ orí, ó kí i kú ọmọ títọ́. Lẹ́yìn náà ó ní bàbá ọmọ náà fẹ́ kí i.

Bàbá dìde, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó sọnù pátápátá lójú kámẹ́rà. Àga òfìfo nìkan ló kù lójú kọ̀ǹpútà.

"Ọkùnrin náà dà?" ni ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè. "Ṣé ó ṣubú ni?"

"Rárá o, ọ̀jọ̀gbọ́n," ni Alhaji wí. "Ó ń kí yín ni."

"Láti ilẹ̀?"

"Láti ilẹ̀ ni, sà."

Mo tẹ ojú kọ̀ǹpútà sísàlẹ̀ kó lè rí i. Ọkùnrin náà wo bàbá fún ìgbà pípẹ́. Ó bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún un wọ̀.

"Mo fi ọ̀pọ̀ ènìyàn sórí àga láyé mi," ó wí. "Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò kí mi báyìí rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un kó dìde."

Màmá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá. "Ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́, bàbá. Ọmọ yín ni. Kò ní í kọ̀ fún yín."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ó ti pẹ́ tí ẹni yẹn ti pe òun gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi máa pè é. Lónìí."

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣú, Alhaji gbé ọwọ́ méjèèjì sókè ó ní alihamudulilai, ó ti bùṣe. Màmá rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Bàbá yín ò dọ̀bálẹ̀ tó báyìí fún bàbá mi lọ́jọ́ ìdána o!"

"Bàbá ẹ ò ní kámẹ́rà," ni bàbá dá a lóhùn, ó ń gbọn aṣọ rẹ̀. "Ta ni ì bá fi ṣe ẹlẹ́rìí?"

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, mi ò ní í parọ́.

Kò pẹ́ lọ́sàn-án yẹn tí obìnrin ọ́fíìsì náà fi pè mí. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Ta ló bá ọ̀jọ̀gbọ́n sọ̀rọ̀?"

"Àwọn òbí mi ni."

"Kí ló dé?"

"Ní ìlú wa, bí a bá fẹ́ bẹ ènìyàn, àgbà tó tọ́ ọ la máa ń rán sí i."

"Ọkùnrin yẹn ni alága ọlá ẹgbẹ́ tó ń bá wa du ìbò," ó wí. "Ó pe ọ́fíìsì wa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, ó sì ń béèrè pé kí ọ̀gá mi bá ilé iṣẹ́ ìjọba sọ̀rọ̀ nítorí ẹnì kan ṣoṣo. Bí ọ̀gá mi bá ṣe é báyìí, bí ilẹ̀ bá mọ́, ó lè wà nínú ìwé ìròyìn pé ó ń lo ipò rẹ̀. O mọ ohun tí wọ́n ń pè ní pàkúté?"

"Ẹ̀bẹ̀ ni. Kì í ṣe pàkúté."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀? Báwo ni ìwọ ṣe mọ̀?"

N kò mọ̀. Òótọ́ ni. Mo lè jẹ́rìí sí ohun tí bàbá mi ní lọ́kàn. N kò lè jẹ́rìí sí ohun tí ọkùnrin tó bọ́ awò rẹ̀ nù yẹn ní lọ́kàn.

"Ẹ ti gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi síwájú ọ̀gá yín kí ọ̀jọ̀gbọ́n tó pè?" mo béèrè.

"Ó ti kà á. Ó ti fẹ́ pe ẹnì kan." Ó mí kanlẹ̀. "Ìwọ tó o kọ ìwé nípa rẹ̀, ìwọ ni kò mọ èyí?"

Ó ní òun ń bá wa kẹ́dùn, ọ́fíìsì àwọn kò sì lè dá sí i mọ́. Mo pè é padà, kò gbé e. Mo kọ̀wé, mo ṣàlàyé ohun tí ìdọ̀bálẹ̀ jẹ́, mo ṣàlàyé ohun tí àgbà jẹ́ láàárín wa, mo sì rí i bí mo ti ń kọ ọ́ pé gbogbo àlàyé náà ń jọ irọ́ sí i. Mo fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Lẹ́yìn náà mo ṣí fídíò ìjókòó ilé aṣòfin wọn ti ọjọ́ yẹn, nítorí wọ́n máa ń fi í sójú ìtàkùn fún gbogbo ayé. Mo rí i. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó nawọ́ sókè nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n nawọ́, ó mu omi, ó bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ nǹkan kan, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo dá a padà, mo tún wò ó, mo tún wò ó. Mo mọ bó ṣe máa ń fọwọ́ kan táì rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá dùn ún. Kò fọwọ́ kàn án. Kí ni mo máa fi ìyẹn ṣe?

Mo sọ fún àwọn òbí mi. Màmá wọ yàrá, ó sì tilẹ̀kùn. Bàbá kò gbà.

"A bẹ̀ ẹ́ dáadáa," ó wí. "O wà níbẹ̀. Ibo la ti ṣì í?"

"A ò ṣì í bẹ̀, bàbá."

"Kí ló wá dé?"

Alhaji ní kí a tún pe ọ̀jọ̀gbọ́n náà, kó lọ sọ fún wọn pé òun kò ní èrò ibi. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló gbé e. Ó ní bàbá àgbà ti sùn, ó ní inú rẹ̀ dùn púpọ̀ pé òun pe ọmọ yẹn, pé kò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Alhaji dá fóònù padà fún mi. Ó ń tún fìlà rẹ̀ dé ṣáá. N kò tíì rí i rí níbi tí ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi pè ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n fún un láyè díẹ̀. Ohùn rẹ̀ há.

"Kí ni alága ẹ sọ?"

Mo wá ohun tí mo lè sọ tó jẹ́ òótọ́. "Ó ti ka ọ̀rọ̀ yín."

"Ó kà á. Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ọ́fíìsì rẹ̀ ní àwọn kò lè dá sí i mọ́."

"Mọ́? Kí ni 'mọ́'? Ṣé wọ́n ti fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀ ni?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ ti Alhaji, mo sọ ti ọ̀jọ̀gbọ́n, mo sọ ti bàbá lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo rò pé á bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́.

"Bàbá dọ̀bálẹ̀ fún kọ̀ǹpútà?"

"Gbalaja."

"Áà. Bàbá mi. Gbọ́, èmi náà ì bá ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo ti pẹ́ níbí, mo mọ̀ pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ màá ṣe é." Lẹ́yìn náà ó ní, "Mò ń ka àmì àìsàn kíndìnrín fún ara mi láìwòwé, kí n má baà gbàgbé. Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì rò pé àdúrà ni mò ń gbà." Ó béèrè bóyá ọjọ́ Ẹtì ti dájú. Mo ní lọ́yà ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sọ pé ó dájú.

"Ṣé o lè sọ fún mi pé á dára?"

Mo mọ ohun tó fẹ́ gbọ́. Mo ṣì ń wá bí màá ṣe sọ ọ́ láìpurọ́. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní èdè wọn, pé ó tó. Fóònù kú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, bàbá gba mọ́sáláṣí lọ ní kùtùkùtù, ó ní òun máa jókòó síbẹ̀ títí di àsìkò jímọ́ọ̀. Màmá dùbúlẹ̀ sórí àga gbọọrọ ní pálọ̀, ó kọjú sí ògiri. Mo pe lọ́yà, kò gbé e. Mo pè é léraléra. Níkẹyìn ó fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ pé òun wà ní kóòtù lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n ẹnì kan sọ fún òun pé wọ́n ti ń kó àwọn kan jáde láàárọ̀. Bóyá sí pápákọ̀ òfuurufú ni, bóyá sí kóòtù fún ìgbẹ́jọ́, òun kò mọ̀. Àbúrò màmá kan pè láti Èkó pé òun ti wà lójú ọ̀nà pápákọ̀ níbẹ̀, bó bá jẹ́ pé wọ́n á gbé e dé. Ẹnì kan ní mọ́sáláṣí kọ̀wé sí mi pé òun rí i lójú àlá tó wọ aṣọ funfun bíi ti dókítà. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò sì rí èyí tí mo lè dì mú nínú wọn.

Mo wá nọ́ńbà ilé tí wọ́n fi í sí. Mo kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀ ní èdè wọn, mo kà á jáde lẹ́ẹ̀kan kí ahọ́n mi má baà kọ́. Màmá gbọ́ èdè àjèjì, ó yí padà, ó sì dìde jókòó.

Obìnrin kan gbé e. Mo kí i. Mo dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi, mo ní àbúrò rẹ̀ ni mí, láti Amẹ́ríkà ni mo ti ń pè. Mo gbọ́ bó ṣe ń bi ẹlòmíràn, mo sì gbọ́ ìdáhùn tí kò yé mi.

"Kò sí níbí mọ́," ó wí. Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bíi pé ó mọ̀ pé èdè náà kò tíì pọ̀ lẹ́nu mi. "Wọ́n fi ọkọ̀ gbé e láàárọ̀ yìí."

"Sí ibo?"

"Èmi ò mọ̀."

"Ṣé ara rẹ̀ le?"

Màmá ti di apá mi mú, ó ń wo ẹnu mi.

"Ó jẹun," ni obìnrin náà wí. "Ó gbé àpò rẹ̀ dání. Fúnra rẹ̀ ló rìn wọ inú ọkọ̀."